Ẹ́ńjìnnì Tí O Fi Kànìnkànìn Fọ̀

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Bánkẹ́, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ara wa le níbí. Ìyá rẹ wà dáadáa, wọ́n ti tún òrùlé tó ń jò ṣe, n kò sì ní àìsàn kankan lára. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí o má baà rò pé ara ni kò yá tí mo fi kọ ìwé tó gùn báyìí. Inú ló ń bí mi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lánàá. Ìyá rẹ ló kà á sókè ní pálọ̀, a sì dúpẹ́ pé o rí iṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ìlọrin kété tí o dé ilé ọkọ. Mo ń mi orí, mo ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé: "Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ni àpótí ìjókòó aláró àtijọ́ kan. Bàbá mi, ẹ ò rí bó ṣe dọ̀tí tó. Mo ti ra ọṣẹ àti kànìnkànìn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, á ti máa dán gbinrin."

Mo ní kí ìyá rẹ tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà, ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn." Mo dìde, mo wá bébà.

Ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí kò fi gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Àbúrò ìyá rẹ, Bùọ̀dá Táíwò, ń kó pákó lọ sí Ìlọrin ní Sátidé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kí ó fi í lé, kì í ṣe ọwọ́ ará ilé, kì í ṣe ọwọ́ Dàpọ̀ ọkọ rẹ. Jókòó kí o kà á tán kí ọjọ́ Ajé tó pé. Ìwọ náà ni o sọ pé ọ̀gá yín ní àwọn yóò wo ọwọ́ rẹ fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ bóyá àwọn yóò gbà ọ́ pátápátá. Tí o bá fi lè fọ àpótí yẹn, wọn kò ní í wo ọwọ́ rẹ mọ́. Wọn yóò ti rí i.

Mo ti pa ẹnu mọ́ láti ìgbà ìdána rẹ. Wàyí o, n óò sọ̀rọ̀.

O rántí pé ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdána, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi tí ara rẹ̀ kò yá ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Nígbà tí mo padà, òórùn ọṣẹ ti pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ti tú kọ́tìnnì kúrò lójú fèrèsé, ẹ ti da orí àga kodò lágbàlá, ìyá rẹ sì ń pàṣẹ kiri bí ẹni pé iṣẹ́ abẹ ni àwọn àna wa ń bọ̀ wá ṣe láti Ìbẹ̀fún. Èmi kò bínú sí ìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ohun tí kò bá lè sá nínú ilé yìí, wọn yóò fọ̀ ọ́. Mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Nínú agbọ̀n tí ẹ máa ń to abọ́ sí kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀, láàárín àwo ọbẹ̀ méjì, ni mo ti rí ẹ́ńjìnnì rélùwéè mi, èyí kékeré tó máa ń wà lórí pẹpẹ ní pálọ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Omi ń kán láti inú ihò èéfín rẹ̀.

O ń nu ọwọ́ rẹ lára ìró, o ní, "Bàbá, mo ti bá yín fọ ẹ́ńjìnnì yín. Ẹ wò ó, ó jọ tuntun."

Mo bi ọ́ pé kí lo fi fọ̀ ọ́.

"Ọṣẹ àti kànìnkànìn ni. Kò tètè gbà o. Ibi tó bá le, mo fi ọbẹ ha á. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, mo fi pólíìṣì bàtà dí i."

Pólíìṣì bàtà, Àṣàkẹ́. Mo wọ yàrá, mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. A kì í bá ọmọ tí àna rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la jà.

Lọ́jọ́ kejì, àgbà kan nínú àwọn àna wa gbé ẹ́ńjìnnì náà lórí pẹpẹ, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Àwọn àna wa mà gbọ́n o. Wọ́n ti ra ohun ìṣeré sílẹ̀ de ọmọ-ọmọ." Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòrí. Èmi fi eyín lásán rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ó di ohun tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ ọwọ́, kò sì sí irọ́ nínú ohun tí bàbá yẹn sọ. Ohun tó rí ló sọ. Ìwọ lo jẹ́ kó rí i bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé o kò mọ ohun tí o fọ̀, nítorí pé o kò bi mí rí. Jẹ́ kí n là á yé ọ.

Nígbà tí wọ́n rán mi lọ sí òkè òkun láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin ni mo ra ẹ́ńjìnnì yẹn. Nígbà náà, ohun ìṣeré ni lóòótọ́. Àwọ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tuntun, ó sì jẹ́ ti ilẹ̀ ibẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú irin tiwa kò fẹ̀ tó tiwọn. Ẹ́ńjìnnì tiwa kì í ní irin méjì tí ń gba ìkọlù níwájú bíi tiwọn. Ìkọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ra ló máa ń wà láàárín. Ẹ́ńjìnnì tiwa ní irin tó to lẹ́gbẹ̀ẹ́ra bí ọgbà ní iwájú láti ti màlúù kúrò lójú ọ̀nà, ó ní iná ńlá lórí, òrùlé ibi tí awakọ̀ ń dúró sí sì gùn sẹ́yìn nítorí oòrùn àti òjò. Nítorí náà mo tú u palẹ̀. Mo gé ọ̀pá tó so àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń yí pọ̀ kí wọ́n lè súnmọ́ra. Irun-orí ìyá rẹ ló fún mi ní irin tí ń ti màlúù: ìkọ́ irun ni, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì di iná. Agolo mílíìkì di òrùlé. Nígbà tí mọ́tò inú rẹ̀ kú, mo tú mọ́tò inú rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀yin ọmọ bà jẹ́, mo fi rọ́pò rẹ̀.

Irinṣẹ́ tí mo fi ṣe gbogbo èyí, o máa ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí wọn. O máa ń ní, "Bàbá, ẹ ra irinṣẹ́ gidi." Èwo ni gidi? Orí ìṣó wẹ́wẹ́ tó to lọ lára ẹ́ńjìnnì yẹn, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, abẹ́rẹ́ giramafóònù ni mo kì bọ inú ara báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, tí mo fi ń tẹ páànù láti ẹ̀yìn títí yóò fi yọ lójú kejì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ jù, yóò lu. Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní í hàn. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà aláwọ tẹ́ abẹ́ páànù, kó lè gba ìtẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ayùn mi, ìlàjì abẹ fẹ́lẹ́ ni mo há sáàárín ọparun. Irin agboòrùn tó ti ya ni mo pọ́n lẹ́nu láti fi lu ihò. Síríǹjì tí ìyá rẹ ti pa tì ni mo fi ń kán epo sí oríkèé irin. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan láyé tó ń ta irinṣẹ́ fún ihò tí ìwọ nìkan fẹ́ lu. Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ ni yóò sọ irú irinṣẹ́ tí ó fẹ́ fún ọ, bí o bá fara balẹ̀ wò ó. Ìwọ kò wò. Kànìnkànìn ti wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó dé ìdí pẹpẹ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò tíì tó ìdọ̀tí. Ìdọ̀tí gan-an ló le jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, mo po eruku mọ́ ọ̀dà, mo fi kun gbogbo ara rẹ̀ bákan náà. Ó wá jọ ewúrẹ́ tó yí nínú eérú. Mo fọ̀ ọ́ kúrò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: ẹ́ńjìnnì kì í kàn dọ̀tí. Ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti wá. Èédú máa ń dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn ihò èéfín, kì í sí níwájú, nítorí iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń lọ. Eruku pupa máa ń gun ẹsẹ̀ dé ìwọ̀n kan, a sì dúró. Epo kì í gbẹ. Níbi oríkèé, ó gbọ́dọ̀ máa tutù lójú. Ìlà funfun kan wà tó ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀ lápá òsì, ohun tí omi gbígbóná fi sílẹ̀ nígbà tó gbẹ, nítorí pé apá òsì ni ẹ́ńjìnnì tí mo ń fara wé máa ń jò. Mo fẹnu rún orí pákò títí ó fi rí múlọ́múlọ́, òun ni mo fi ń tọ́ eruku náà sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹní ń lẹ àtíkè mọ́ ọmọ lára.

Ibi tí ọ̀dà ti ṣí, tí o fi pólíìṣì dí yẹn ńkọ́? Irin ìdìmú lẹ́nu ọ̀nà awakọ̀ ni. Ṣé o rò pé ọ̀dà mi ló tán?

O mọ Àlàájì tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Àlàájì Rélùwéè, tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun ló ń wa ẹ́ńjìnnì yẹn, èyí ńlá gan-an, láti Ìlọrin dé Jẹ́bà kó tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ òun ló bó ọ̀dà irin ìdìmú náà títí idẹ fi yọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi bó tèmi náà níbẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá wá, kì í kọ́kọ́ jókòó. Yóò lọ sídìí pẹpẹ, yóò fi orí ìka kan ibẹ̀, yóò ní, "Ẹnjiníà, mo ṣì wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè omi.

Ó wá kí wa lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ. Ó dúró níwájú pẹpẹ náà. Ó na ìka, ó sì ká a kò.

Ó ní, "Ta ló ni èyí?"

Mo ní èmi ni.

Ó ní, "Èyí tí a mọ̀ ńkọ́?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ọmọ tí mo bí nínú ara mi ló fi ọṣẹ nù ún kúrò? Mo ní mo ti gbé e lọ tún ṣe, pé kò ní í pẹ́ dé. Mo purọ́ fún arúgbó nítorí rẹ, Bánkẹ́. Kò tíì padà wá láti ìgbà náà, ẹ̀rù ọjọ́ tí yóò padà wá sì ń bà mí.

Ìyá rẹ ní mo ti ń fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú. Ó jókòó tì mí nísinsìnyí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Bàbá Bánkẹ́, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ ara yín fi ìdọ̀tí kun nǹkan, ọmọ wá bá yín nù ún, ó wá di ẹ̀ṣẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo dá a lóhùn pé ilé ọba kò jó, pólíìṣì bàtà ni ẹnìkan fi kun ilé ọba. Ó ní bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni mo ń wá, ó kún ẹ̀yìn ààrò òun. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ ààrò yẹn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo ènìyàn ló mọ òwe yìí, síbẹ̀ ẹ̀yin náà lẹ máa ń kó àkísà àgbà sọnù nígbà tí àlejò bá ń bọ̀. Aṣọ tuntun, ẹnikẹ́ni lè rà á. Àkísà, àfi kí ẹnìkan wọ̀ ọ́.

Wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí aláró tó wà lọ́dọ̀ rẹ. N kò rí i rí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti kún inú mi. Apá wo ni aró pọ̀ sí? Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún, a jẹ́ pé ọ̀tún ni ìkòkò rẹ̀ wà. Ṣé ibì kan wà lórí rẹ̀ tí aró kò dé? Ibẹ̀ ni obìnrin yẹn ń jókòó lé. Wò ó bóyá ipa ìka wà létí rẹ̀, níbi tó ti ń dì í mú nígbà tí ẹ̀yìn bá ń ro ó tó sì fẹ́ dìde. Kò sí ẹni tó ya àwòrán obìnrin yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Aró tó kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló kù nínú rẹ̀ láyé, ìwọ sì ti ra ọṣẹ dè é. Bí o bá fọ̀ ọ́ tán, kí ni yóò kù? Igi. Káfíńtà tó wà lójú ọ̀nà Ìjágun yóò gbẹ́ igi tó dára jù ú lọ fún ọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Àkọ́kọ́, má gbé omi wọ yàrá yẹn ní ọjọ́ Ajé. Bébà àti pẹ́ńsù ni kí o mú dání. Ya iwájú rẹ̀, ya ẹ̀yìn, ya abẹ́. Ẹni tó bá yà á yóò wò ó.

Èkejì, mọ ìyàtọ̀ láàárín eruku àti aró. Eruku tó bà lé e nínú yàrá ìkẹ́rùsí yín kì í ṣe ti obìnrin yẹn, o lè mú un kúrò. Ìyẹ́ adìẹ ni kí o fi ṣe é, tàbí pákò tí o rún lẹ́nu bí mo ti wí. Abẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, ni kí o ti kọ́kọ́ dán an wò, ní ìwọ̀n èékánná kan péré. Bí àwọ̀ bá bá ìyẹ́ náà jáde, dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ọ̀gá yín bá sì ní kí o fọ̀ ọ́ ńkọ́? Fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kó jẹ́ kí o kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ han òun. Má ṣe bá a jiyàn, ṣùgbọ́n má ṣe torí pé ọ̀gá ló sọ ọ́ kí o wá ti ọwọ́ bọ omi. Máa bi àwọn ìyá aláró tó bá ṣẹ́kù nílùú yẹn léèrè. Bí wọ́n bá rí àwòrán náà, wọn yóò sọ ohun tí ìwọ àti èmi kò mọ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Dàpọ̀ yóò ní àwọn ìwà kan tó gbé wá láti ilé wọn ní Ìbẹ̀fún, tí yóò ṣe àjèjì sí ọ. Mo mọ ọwọ́ rẹ. Mo tún mọ ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìdọ̀tí, ọmọ mi. Kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti wá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé, òun ni mo sì fẹ́ kí o mú lọ sẹ́nu iṣẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ: ohun tí o kò bá lè dá padà, má ṣe mú un kúrò.

Kí o má baà rò pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́, yàtọ̀ sí lẹ́tà yìí, Bùọ̀dá Táíwò yóò gbé agolo bísíkíìtì kan fún ọ. Ṣí i jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà ló wà nínú rẹ̀. Mo ti tú mọ́tò rẹ̀, mo nu omi inú rẹ̀ gbẹ, mo sì ti tò ó padà. Ó ń ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí kan èyí tí o fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́. Nínú ọ̀rá kékeré kan, o óò rí èédú ìdí ìkòkò láti ẹ̀yìn ààrò ìyá rẹ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní ó kún ibẹ̀. Eruku pupa ni n kò fi ránṣẹ́. Ìjẹ̀bú kò ní rélùwéè. Ìwọ ló wà nílùú tí ojú irin gbà kọjá. Lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí o bù ú níbẹ̀.

Dá ohun tí o fọ̀ padà, kí o tó fọwọ́ kan àpótí aláró yẹn. O ó sọ pé o kò rántí bó ṣe rí. Mo ti rò ó dé ibẹ̀ náà. Nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo yí i délẹ̀, mo rí i pé kànìnkànìn rẹ kò wọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ rẹ kò dé abẹ́ ikùn. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe tọ́ ọ sí i: eruku náà, epo náà, ìdí ìlà funfun apá òsì náà. Kà á láti abẹ́ lọ sókè. Níbi irin ìdìmú, ha pólíìṣì rẹ kúrò títí idẹ yóò fi yọ, má ṣe kọjá ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lè dé. Nígbà tí o bá parí rẹ̀, fi ránṣẹ́ padà. N kò ní í wò ó fúnra mi. Àlàájì ni n óò pè. Bó bá na ìka rẹ̀ tó sì kàn án, ọ̀rọ̀ wa ti tán. Bó bá bi mí pé ta ló ni ín, n óò dá a padà sí Ìlọrin.

Kí Ọlọ́run tó ń wo ọ̀nà wa wo ọwọ́ rẹ. Kí ilé rẹ tuntun gbà ọ́, kí ìwọ náà gbà á bí o ti bá a.

Èmi ni bàbá rẹ, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ.

Mo tún rántí: ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí tán. Ó ní èédú ìdí ìkòkò kì í ṣe ohun àmúṣeré, pé kí n kọ ọ́ sí i pé bí o bá ṣe é tán, kí o fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ dáadáa dé ìgúnpá. Mo fara mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ ni kí o fọ̀.